Tábìlì Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Jáde

                                        Pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì,
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Keje.

Ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mi ò ní béèrè ọ̀gá àgbà yín, torí mo mọ̀ pé ara Bàbá Pàṣán le, pàápàá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

O ní kí n sọ òótọ́ fún ọ, ṣé mo ti kábàámọ̀ pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó ku díẹ̀.

Ọmọ méje péré ni mo ń kọ́, pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la sì ń lò. Àdéhùn wa ni pé bí ọmọ rẹ̀, èyí tí Bàbá Pàṣán ní orí rẹ̀ ò gba ìwé, ò bá lè dá gbólóhùn kan kọ títí oṣù yìí fi parí, mo máa kó ẹrù mi kúrò, mo sì máa lọ bẹ Bàbá Pàṣán kó gbà mí padà. O mọ̀ pé iwájú gbogbo ọmọ iléèwé ló máa ní kí n ti wá bẹ òun.

Ọmọ yìí kì í fẹ́ rí bírò sójú. Àmọ́ tó o bá fún un ní tépù tí kápẹ́ńtà fi ń wọn igi, inú rẹ̀ dùn dé etí. Ni mo bá ní ká kan tábìlì tá a máa gbé sábẹ́ igi níta. Inú pálọ̀ la ti kàn án: a wọn pákó, a wọn orúnkún gbogbo ọmọ. Kápẹ́ńtà àdúgbò wa àti ọmọ yìí ni wọ́n jọ fi nọ́ọ̀tì de ẹsẹ̀ tábìlì náà, nígbà tí èmi ń ṣàlàyé nǹkan tẹ́nì kankan ò gbọ́. Kò sẹ́ni tó wọn ẹnu ọ̀nà. Èmi tí mo fi ìwé ẹ̀rí kọ́ sára ògiri, mi ò wọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó há. A dà á dẹ̀gbẹ́, ó tún há. Ẹ̀gbọ́n mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò ríbi wọlé. Ó ní tílẹ̀ bá mọ́, òun máa fi àáké là á, tábìlì àti iléèwé á sì jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pè mí ní ọ̀mọ̀wé òfo.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ó gbé àáké lóòótọ́, mo tẹ̀ lé e. Bébà kan wà lórí tábìlì, wọ́n gbé tépù lé e. Ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́ bí ẹsẹ̀ adìẹ: "Màámi, ẹ má là á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé tú. Tíṣà ò mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó bi ọmọ náà pé ta ló bá a kọ ọ́.

Ọmọ náà ní, "Ta ló fẹ́ bá mi kọ ọ́? Ṣé tíṣà tí ò mọ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Tábìlì náà ò tíì dé abẹ́ igi o. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń jẹun lórí rẹ̀ ní pálọ̀. Mo fẹ́ gbé bébà yẹn kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀rí mi, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án.

Bá mi kí ìyàwó àti tíṣà oníṣirò. Má kí Bàbá Pàṣán. Tó bá béèrè mi, sọ fún un pé mi ò bọ̀ mọ́.

Èmi tí kì í gbọ́rọ̀, àmọ́ tí mo jẹ́ tìrẹ,
Alágídí