Àwọn Tí Wọ́n Lé Síta ní Yorktown

Sátidé, oṣù Kẹwàá, 2006

Ọ̀rọ̀ bàbá Tólá sú mi lónìí! Ó wa ọkọ̀ gbé èmi àti Tólá ọmọ wa lọ sí Yorktown ní Virginia, níbi tí àwọn ọmọ ogun America ti dó ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1781 nígbà ogun òmìnira America, tí ogun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, torí iṣẹ́ school Tólá.

Ẹni tó mú wa káàkiri sọ pé àwọn ẹrú adúláwọ̀ sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn lọ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, torí wọ́n ṣèlérí òmìnira fún wọn. Nígbà tí oúnjẹ ń tán, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà lé àwọn ẹrú náà síta, ṣànpọ̀nná sì pa ọ̀pọ̀ wọn sínú igbó.

Tólá bi bàbá rẹ̀ pé, "Daddy, ṣé àwọn ẹrú yẹn náà win?"

Bàbá rẹ̀ ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀. Kọ ọ́ pé America borí."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó kọ ohun tó gbọ́, jàre!" Ló bá tan rédíò, ó yí i sókè títí a fi délé.

Òun náà ló wá jókòó ti Tólá báyìí, tí wọ́n jọ ń wá orúkọ àwọn ẹrú tí wọ́n lé síta yẹn lórí Internet. Wọn ò tíì rí orúkọ ẹyọ kan.