Bàbá Rẹ Ò Tẹrí Ba Mọ́ Nítorí Ọpọlọ

Wilaiwan ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Bangkok? Ọdún tuntun méjì ti kọjá tá ò rí ọ. Ṣé ẹ̀rọ tó o fi ń wo inú orí àwọn èèyàn ò tíì fi ọ̀nà ilé ní Khon Kaen hàn ọ́ ni, àbí kò ríran jìnnà? Ire tá a ti ṣe ní tẹ́ńpìlì á máa ṣọ́ ọ. Ẹfọ̀n wa ti bímọ, òjò ò sì fẹ́ dá.

Èmi àti Ìyá Chan aládùúgbò wa, tó fi kíláàsì kan péré jù mí lọ nílé ìwé, la jọ ka ìwé rẹ. O ní bí dókítà bá ti ṣí orí bàbá rẹ láti yọ kókó inú rẹ̀, ọpọlọ á rọra rì kúrò níbi tí fọ́tò ti bá a, ìwọ á wá fi kọ̀ǹpútà ṣírò ibi tó sún sí, kí ọ̀bẹ má baà ṣìnà. O káre. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni bàbá rẹ ti ń gbé nǹkan tí ò dúró lójú kan kiri, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wa!

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo fòfin de orí mímì. Mo fi ìborùn di orí rẹ̀ pinpin, ìjókòó ló ń sùn. Nígbà tí àlùfáà àgbà tẹ́ńpìlì wá gba ìrẹsì ọrẹ láàárọ̀, bàbá rẹ ò tẹrí ba, ó kàn ń wò ó bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Abúlé ní iṣẹ́ ọsibítù ọmọ rẹ̀ ló ń gùn ún. Mo ṣàlàyé fún àlùfáà pé a ò fẹ́ kí ọpọlọ sún kí fọ́tò yín má baà di irọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní orí tó ń ba òun lẹ́rù nínú ilé yìí kì í ṣe ti bàbá rẹ.

Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ, bàbá rẹ ò sì tíì tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù tó fi máa gbà kí wọ́n ṣe é. Mo pè é ní ojo. Lánàá tó ń bọ́ ẹfọ̀n, ó bi mí pé bí ọpọlọ bá sún, ṣé ibi tí orúkọ rẹ wà nínú rẹ̀ náà á sún, ṣé kọ̀ǹpútà rẹ lè ṣírò ìyẹn. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo kàn gba koríko lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń bá a bọ́ ẹfọ̀n.

Fi owó ọkọ̀ tá a ó fi gbé e wá sí Bangkok ránṣẹ́, pẹ̀lú ti adìẹ àti ẹyin tá a ó fi pe ẹ̀mí tó ń gbé àtàrí rẹ̀ padà wálé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Òwú funfun tá a máa so mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ẹ̀mí náà má baà tún sá lọ, ìwọ ni kó o so ó. Ó ní òun á tẹ̀ka bó bá jẹ́ ìwọ lòun máa kọ́kọ́ rí tóun bá lajú. Bi í léèrè orúkọ rẹ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, fi ẹnu ara rẹ sọ fún un, má bínú sí i.

Wàá dàgbà, wàá dògbó. Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n ní Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Somphit