Ṣíà Sìmẹ́ńtì tí Bàbá Tà Lóṣù Kejìlá

Olódì-Àpápá, Èkó.
25 January, 1994.

Ephraim, àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà, ìwọ àti ìyàwó ẹ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àìsàn yà sílé yín. Ara tiwa náà le níbí. Inú mi ni kò dùn, ìwọ lo sì bà á jẹ́.

Mo wá sí ọ́fíìsì tí ẹ ti ń bá èèyàn ra ṣíà, tí ẹ ń bá wọn tà á, lánàá, o ò sí ńbẹ̀. Ìwé ìròyìn Sátidé ni mo mú dání. Ṣíà ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí o ní kí Bàbá wa tà ní náírà mẹ́ta lóṣù Kejìlá ti padà sí náírà mẹ́rin ó lé. Ilé iṣẹ́ tí o ní ó ń kú lọ! Òkú wo ló ń sanra?

Azubuike, akọ̀wé yín, ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Anti, na so dem dey do every December." Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, àtàwọn oníńṣọ́ránsì, tí ọdún bá ti ń parí, wọ́n á da ṣíà sọ́jà, kí owó lè hàn nínú ìwé tí wọ́n fẹ́ gbé síwájú àwọn ọ̀gá wọn. Tí ṣíà bá ti pọ̀ lọ́jà, iye ẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ̀rù á ba àwọn tálákà, àwọn náà á tà. Tó bá di January, àwọn ẹni ńlá á rà á padà, á tún gbéra. Nígbà tí mo délé, mo yẹ ìwé tí mo máa ń kọ iye ṣíà sí fún Bàbá wò. Ọdún mẹ́ta gbáko, bó ṣe ń rí nìyẹn. Ọwọ́ mi ló ń kọ ọ́, ojú mi ò rí i. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìwọ rí i. Azubuike rẹ́rìn-ín, ó ní, "Oga Ephraim sef buy plenty." Ọ̀sẹ̀ tí o ní kí Bàbá tà, ọ̀sẹ̀ náà gan-an lo ń rà!

Ọ̀rọ̀ tí o fi mú Bàbá ló dùn mí jù. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé kí ọkọ̀ òkun já gbogbo ẹrù ẹ̀, kò séwu. Àmọ́ tí a bá rí kápúténì tó ń gbé àpótí ara ẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ yẹn ò tún ní lọ sójú òkun mọ́. O jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, o jẹ ẹ̀bà mi, o ní, "Bàbá, àwọn ọ̀gá ti ń gbé àpótí tara wọn sọ̀kalẹ̀ o." Bàbá ò béèrè ohun kejì. Wọ́n tẹ̀ka síwèé. Ephraim, irọ́ lo pa. Ẹrù ọdọọdún ni wọ́n ń já, kì í ṣe àpótí.

Èrè ṣíà yẹn la fi ń ra oògùn ojú Bàbá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ra ṣíà náà, wọ́n ní, "Mo fi orí gbé sìmẹ́ńtì títí, ó yá, kí sìmẹ́ńtì náà gbé mi." Ta ló máa gbé wọn báyìí?

Bàbá ò tíì mọ̀. Láràárọ̀, orúkọ ẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá nínú àdúrà: "Olúwa, mo dúpẹ́ tí o fi Ephraim yọ mí." Ní Sátidé, wọ́n ní kí n ka iye ṣíà fún àwọn, kí àwọn mọ ibi tí ọkọ̀ yẹn rì dé. Mo ní kò sí nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ó ti rì pátápátá nìyẹn!"

Mi ò ní purọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, tí Bàbá bá ti jẹun àárọ̀ tán, màá ka iye náà sí wọn létí. Wá kí n tó kà á. Kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ìwọ fúnra ẹ, kí o sì dá ṣíà wọn padà sórúkọ wọn. Bí o ò bá wá, èmi ni màá sọ ọ́, mi ò sì ní bo nǹkan kan.

Ọlọ́run á ṣí ọ lọ́kàn. Á mú ẹsẹ̀ ẹ délé láyọ̀. Àwọn ọmọ tí o máa bí ò ní fi ọgbọ́n rẹ́ ọ jẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Morádéún.

Mo tún rántí: àkùkọ tí Friday awakọ̀ tírélà, aládùúgbò wa, gbé wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí, Bàbá ló ní kí n fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ọpẹ́ ni, torí o gba àwọn lọ́wọ́ òfò. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ̀ fún wọn. Bí o bá lè pa á jẹ, pa á jẹ.