Ìdúpẹ́ Tí Mo Gbé Lọ Bá Àwọn Tó Ń San Owó Ìwé Rẹ

Ilé Ládòkun,
Ogbooro.

Waheedat Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Sàlámù àlékúmù. Ṣé ara le? Ìbàdàn ńkọ́, ṣé wọn kì í yọ ọ́ lẹ́nu jù? Àwa níhìn-ín dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ọlọ́hun ò ní jẹ́ ká fi ẹkún rántí ara wa, ìwé tí o sì ń kà yìí, ìwọ ni wàá kà á tán, kò ní kà ọ́ tán. Àwáwù ìyá rẹ kí ọ, ó ní ṣé o máa ń jẹun alẹ́. Òjò ti dá, ọkà bàbà ti gbó, ewúrẹ́ Jẹ́ẹ́dé ọ̀rẹ́ mi sì tún ti jẹ iṣu gbodo tí ìyá rẹ sá sóòrùn, ṣùgbọ́n torí pé Jẹ́ẹ́dé wà nínú ohun tí mo fẹ́ ròyìn fún ọ, mi ò tíì bá a jà.

Caleb dírẹ́bà ni mo ní kó mú lẹ́tà yìí bọ̀. Mi ò pè ọ́ torí pé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó fún ọ ní sikọ́láṣíìpù ti gba inú fóònù mi bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ó ti jáde níbẹ̀. Mo pa á, mo yọ bátìrì rẹ̀, mo gbé e sóòrùn, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí rèé. Láti ìgbà tí àwọn tó ń ṣe oògùn apakoríko yìí ti ń náwó lé ìwádìí tí ò ń ṣe lórí iṣu, kò sẹ́ni tó lọ kí wọn nínú ẹbí wa, bẹ́ẹ̀ wọn ò bá wa tan ní baba, wọn ò bá wa tan ní ìyá. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ni èmi àti Jẹ́ẹ́dé bá di iṣu sí ọkọ̀, ó di ọ́fíìsì wọn ní Ìsẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ṣí ìwé kan, ó ní kí la wá ṣe, mo ní a wá dúpẹ́ ni. Ó wo ìwé náà lọ wò ó bọ̀, ó ní kò sẹ́ni tó wá fún irú ẹ̀ rí, kò síbi tí òun máa kọ ọ́ sí. Jẹ́ẹ́dé ní kó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí a wọlé, mo béèrè baálé ilé kí n lè dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnì kan, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ni ín ní díẹ̀díẹ̀, àwọn mìíràn ń bẹ lókè òkun. Èmi ò fẹ́ kí ìdúpẹ́ fo ẹnikẹ́ni, bí mo ṣe ń pàdé wọn ni mo ń dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ń nulẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin kan tó wá tún fáànù ṣe. Òun ló ṣe àmín jù nínú gbogbo wọn.

Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Adégbénró, ọmọlúàbí ni, òun náà dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó yin iṣu wa, ó ní ó dájú pé kẹ́míkà àwọn ni mo fọ́n sí i. Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó ṣe wá lóore, ṣé mo lè purọ́ fún un? Mo ní rárá o, ibi tí a kò fọ́n ọn sí ni mo ti wa èyí. Mo ní ìwọ lo ti ń gé iṣu wò nínú àká mi láti èṣí, pé o ní èyí tí a fọ́n kẹ́míkà sí máa ń jẹrà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó lọ, o sì ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ. Mo ní kó tètè sọ fún àwọn tó nilé kí wọ́n tún oògùn náà ṣe. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé lójú ọ̀nà, mo ń sọ fún Jẹ́ẹ́dé pé kó wo bí wọ́n ṣe ka ọ̀rọ̀ ọmọ wa sí.

Ìgbà tó yá ló pè mí. Ó ní àwọn ń gbé kámẹ́rà bọ̀, kí n di gálọ́ọ̀nù kẹ́míkà mú, kí n sọ pé kò ṣe iṣu mi ní nǹkan kan, pé wọ́n á gbé àwòrán mi kọ́ sójú títì láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn. Ìyá rẹ tó ń gbọ́ wa tilẹ̀ ti sáré lọ fọ agbádá mi. Mo wá bi í pé iṣu wo gan-an ni kò ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣáà bá àwọn sọ ọ́, pé owó tìrẹ ti ọdún tó ń bọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àwọn, kí ìwọ náà sì tún ohun tí ò ń kọ wò.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí o bi mí lẹ́bàá àká nígbà Iléyá, pé bí èèyàn bá rí àléébù ẹni tó ń bọ́ ọ, kí ló yẹ kó ṣe. Àṣé ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn nìyí! Èmi rò pé o ti rí ọkọ ni. Mo ní kí o ṣe sùúrù fún un, pé a kì í tú àṣírí ọkọ síta, mo sì sáré lọ sọ fún ìyá rẹ pé kó máa múra. O rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ, mo pè é ní èéfín ẹran. Dárí jì mí, ọmọ mi. Kò yé mi ni.

Mo dá Adégbénró lóhùn pé ìwé tí wọ́n rán ọ lọ kà, a dúpẹ́, a ò sì ní yéé dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ni mo wá dúpẹ́ fún, n kò wá jẹ́rìí fún oògùn. Ó ní ó dáa, Bàbá, ó sì pa fóònù. Nítorí náà bí owó ò bá wọlé mọ́, ẹnu èmi ló fà á. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má torí wa yí ohun tí ò ń kọ padà. Àwọn àgbẹ̀ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Ìgbòho ń ra gálọ́ọ̀nù yẹn, wọn ò ní ọmọ ní yunifásítì tó máa bá wọn gé iṣu wò. Ohun tí o rí ni kí o kọ.

Ẹsẹ̀ ń dun ìyá rẹ, ọ̀kadà mi náà ò sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí wọ́n bá ṣì sanwó fún ọ, bá wa wá díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti dáwó dúró, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ o. Ṣáà ní kí Caleb sọ fún mi, èmi ni n óò máa di iṣu àti èlùbọ́ sọ́kọ̀ rẹ̀ títí wàá fi ṣe tán. Ọlọ́hun á fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀, á gbé ẹni tí kò ní béèrè irọ́ lọ́wọ́ rẹ dìde fún ọ. O ò ní fi ebi kọ òtítọ́, níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì lè kọ ebè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ládòkun.