Kẹ̀kẹ́ Ìyá Rẹ Kò Jáwọ́ Mọ́

Hinke ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé yàrá tí o gbà ní Rotterdam kò tutù jù, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ti ń kí ọ báyìí, àbí wọ́n ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá bí ẹni ń kọjá lára òpó? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àgùntàn wa létí òkun yóò ṣọ́ ìwọ náà nínú ìlú tí kò ní àgùntàn kankan. Àwa wà láàyè. Àgùntàn olójú dúdú bí ìbejì, ọ̀kan kò lè dìde, ìyá rẹ gbé e sínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ ká sùn mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi gbé bírò. O mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni èmi àti ìyá rẹ ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì wa, irú kan náà, àfi pé tirẹ̀ pupa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tí a kọrí sí ọ̀dọ̀ Àǹtí rẹ Renske, afẹ́fẹ́ òkun a máa kọjú sí wa, tèmi á sì ràn mí lọ́wọ́ títí dé kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní wákàtí, á wá jáwọ́ bí alágbàṣe tí àkókò ìṣíwọ́ rẹ̀ tó. Ọkùnrin tó tà á ní òfin ni. Mo bi í pé ta ló ń ka òfin fún kẹ̀kẹ́, ó ní kí n mu kọfí.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ewé ti ń wọ́, ti ìyá rẹ kò jáwọ́ mọ́. Bí a bá ti kọjá ilé tó gbẹ̀yìn, ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ ni mò ń rí, yóò máa kéré lọ. O mọ̀ wá, a kì í sọ̀rọ̀ nílé, orí kẹ̀kẹ́ la ti máa ń wà pa pọ̀. Ó wá ń ṣe mí bíi pé ìyàwó mi ń fi mí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Mo ní bóyá òtútù ló mú bátìrì mi, mo gbé e sínú páálí ọmọ àgùntàn, mo fi aṣọ kan náà bo àwọn méjèèjì. Ọmọ àgùntàn yè, bátìrì kò yí padà. Mo tún ṣàkíyèsí pé ohùn kan ń kùn wá láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ nínú afẹ́fẹ́. Mo ní àṣírí rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rọ tirẹ̀ ń kùn, tèmi yadi.

Ni mo bá lọ bá Gosse tó ń tún ẹ̀rọ ìfúnwàrà màlúù ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí korobá. Ó ní Alàgbà, ẹ má bínú, èmi ni mo ṣe é, Ìyá Hinke ló rán mi, wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Ó fi hàn mí: irin òòfà kékeré kan wà lára táyà, ojú kan ń ka iye ìgbà tó ń kọjá, ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti ń mọ eré tó ń sá. Gosse yọ ọ́, ó so ó mọ́ ibi tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí kì í yára yí bíi táyà, kẹ̀kẹ́ wá rò pé òun ń rìn gbẹ̀fẹ́. Hinke, ìyá rẹ, aya alàgbà ìjọ, ló ń purọ́ fún irin! Mo ní ṣé irin kò ní mọ̀ lọ́jọ́ kan? Ó ní àwọn ọlọ́pàá ní irin roboto kan ní èbúté tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ lé, kẹ̀kẹ́ yóò sáré lójú kan, yóò sì jẹ́wọ́ eré tó ń sá gan-an. Ó ní ṣé kí òun ṣe tèmi náà. Mo ní kó ṣe é.

Lọ́jọ́ Ìsinmi mo kọjá lára ìyá rẹ bí ìgbín tó hu ìyẹ́. Ẹ̀rọ mi sáré, ṣùgbọ́n kò kùn rárá. Nílé Renske, ìyá rẹ gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní Baba Hinke, ẹ̀yìn ẹ̀wù yín ni mo ti ń wò láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Ẹ ní ẹ ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà fún mi, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí iwájú kí n tó kú. Renske ní kí n jẹ búrẹ́dì onísúgà mi kí n panu mọ́.

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Ẹ̀rọ kọ́, ìyá rẹ ló ń kùn. Orin tó máa fi ń rẹ̀ ọ́ sùn ní kékeré ló ń kọ! Gbogbo ọdún tí mo fi wà níwájú, afẹ́fẹ́ ń gbé orin náà lọ fún àwọn àgùntàn lẹ́yìn wa.

Mo ní kí Gosse dá òòfà mi padà sára táyà. Ó ní ẹ̀yin alàgbà yìí, ẹ ò mọ ohun tí ẹ fẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyá rẹ ṣíwájú, ṣùgbọ́n kò kéré tó ti tẹ́lẹ̀; ó dúró síbi tí etí mi lè dé.

Nítorí náà, ọmọ mi, jọ̀ọ́, máa fi owó díẹ̀ pamọ́ nínú èyí tó bá kù lọ́wọ́ rẹ. Bí irin ọlọ́pàá bá mú ìyá rẹ, èmi kò lè tọ ìjọ lọ fún owó ìtanràn, n kò sì ní sọ fún un pé kó dá òòfà tirẹ̀ padà. Má sọ fún un pé mò ń gbọ́. Bó bá mọ̀, yóò dákẹ́.

Kí afẹ́fẹ́ gbé ohùn rere dé etí rẹ níbi tí o wà. Kí ẹni tó ń kọjá lára rẹ dúró kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Wobbe