Èmi Tí Mo Gbẹ̀bí fún Yín

Ẹ̀gbọ́n mi Rosenda,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́? Ilé ìwòsàn ni mo ṣì ti ń gbálẹ̀ ní Toronto níbí.

Lọ́jọ́ Ajé, aláboyún kan tó ń rọbí gbá mi lọ́wọ́ mú. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀: orí ọmọ wà lókè, ìdí ló fẹ́ kọ́kọ́ jáde. Mo sáré sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Agbálẹ̀, iṣẹ́ rẹ ni kó o ṣe." Kí dókítà tó dé, ọmọ ti kú.

Ìyá náà bi mí pé, "Ṣé agbẹ̀bí ni yín?" Mo ní rárá, èmi tí mo gbẹ̀bí fún ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ti yege ìdánwò agbẹ̀bí wọn níbí. Ìwé ẹ̀rí láti iléèwé agbẹ̀bí wa nílé lọ́hùn-ún ní Iloilo nìkan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi kọ ọ́.

Ẹ ò ní sunkún ọmọ.

Àbúrò yín,
Nenita