Ohun Tí Oòrùn Ń Sè

Ọmọ mi,

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìwọ̀nyí: ikọ́ ọmọ rẹ tí mo gbọ́ nínú fóònù, áńkáṣíìfù rẹ̀, agolo kékeré tó ń fà sẹ́nu, àti oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni, oòrùn.

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà bá yín gbélé. Àwa wà, a dúpẹ́. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò, orúnkún ìyá rẹ sì ti fúyẹ́ díẹ̀.

Mo ka lẹ́tà rẹ, ó sì yé mi, mo ṣáà ṣe sáyẹ́ǹsì nílé ìwé. O ní èéfín ọkọ̀ nìkan kọ́, pé oòrùn tún ń sè é lókè, ó ń di májèlé mìíràn tó ń ta èèyàn lọ́fun. Ohun tí wọ́n bá sè, ó ní ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni! Ṣé ìjọba ò lè ta tapólì bo títì lọ́sàn-án, kí iná oòrùn má bàa dé ìdí ìkòkò?

O tún ní eruku kan kéré ju ìyẹ̀fun lọ, pé ó ń gba imú wọnú ẹ̀jẹ̀. Mo pè é ní àsọdùn, àfi ìgbà tí ìyá rẹ fọ áńkáṣíìfù tí ọmọ náà gbàgbé síbí nígbà ìsinmi. Omi rẹ̀ dúdú. Ìyá rẹ ní bóyá ó fi nu táyà ni. Mo tún lẹ́tà rẹ kà.

Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tà fún yín nínú agolo yẹn, mo ti fọ kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, mo ṣí wọn sílẹ̀ létí odò ní ìdájí, mo sì dé wọn pinpin. Ẹ̀rù ń bà mí kó má bàjẹ́ lọ́nà. Ìyá rẹ ní kí n lọ sùn, àbí èmi ni mò ń bá ọmọ náà mí ni? Bó bá ṣeé bá a mí, ṣé màá sùn ni?

Mo mọ̀ pé o ò lè fi iṣẹ́ ilé epo sílẹ̀. Má fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ lóṣù yìí. Fi san ọkọ̀ àbọ̀ fún èèyàn méjì, èmi àti ọmọ náà. Di aṣọ ọmọ náà àti ìwé rẹ̀. Olùkọ́ ibí ní àyè wà.

Afẹ́fẹ́ tó tọ́ ọ dàgbà kò ní kọ ọmọ rẹ. Èémí kò ní wọ́n yín.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. O ní fóònù rẹ sọ pé ọjọ́ Ẹtì ni afẹ́fẹ́ máa burú jù, kí ọmọdé má jáde. N ò mọ ẹni tó ń sọ fún fóònù, ṣùgbọ́n n ò ní bá a jiyàn. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń bọ̀.